Orúnkún Sùúrù: Bí Ìdílé Kan ní Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Mọ Ohun Tí Ìnṣọ́ránsì Ajá Wà Fún

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tọkọtaya Yorùbá kan gbé ọmọ ajá Labrador dúdú kan wá sí ilé ìwòsàn ẹranko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Abo ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti fi gbogbo àkókò kónílé-ó-gbélé bẹ̀bẹ̀ títí àwọn òbí fi gbà. Orúkọ òyìnbó ni àwọn ọmọ sọ ajá náà, ṣùgbọ́n Sùúrù ni bàbá wọn ń pè é, Sùúrù náà ni n óò sì máa pè é níbí. Wọ́n fún mi láyè kí n kọ ìtàn wọn, kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti ẹnikẹ́ni tí ń bá ènìyàn rò ó bóyá kí ó ra ìnṣọ́ránsì fún ajá, lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ìyá ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lálẹ́, bàbá ń wa bọ́ọ̀sì. Ilé wọn kì í ṣe ilé tí ebi ti ń pa ènìyàn, kì í sì í ṣe ilé tí owó ti máa ń ṣẹ́ kù lópin oṣù. Ìdílé bíi tiwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń le fún jù lọ. NHS, ètò ìlera ìjọba fún ènìyàn, kò mọ ajá. Àpò ara ẹni ni a fi ń san gbogbo owó dókítà ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó lówó gidi lè san ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn lójú kan náà kó má sì mira. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba lè rí ìtọ́jú gbà lọ́dọ̀ àwọn aláàánú bíi PDSA àti Blue Cross. Ẹni tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò rí ẹ̀yìn gbé sí.

Ẹni tó ta Sùúrù fún wọn ti fún wọn ní ìnṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpò ike kan náà pẹ̀lú káàdì àjẹsára. Kò sí ẹni tó kà á, ó sì parí láìsí ẹni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wá fún abẹ́rẹ́ kejì, mo béèrè bóyá wọ́n ti rò nípa ìnṣọ́ránsì. Bàbá yọ fóònù rẹ̀ síta. Iye tí wọ́n bù fún un ni £46 lóṣù. Ó sọ ọ́ di £552 lọ́dún, ó sọ ọ́ di £6,624 fún ọdún méjìlá, ó wá wo ojú mi. “Àǹtí, kí ni ajá yìí fẹ́ ṣe tí yóò fi jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà?”

Ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe rò ó nìyẹn títí di òní. Wọ́n ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, wọ́n ń dá £40 sí i lóṣooṣù bí ẹni ń dá àjọ, wọ́n sì pè é ní owó Sùúrù. Fún ìnáwó kéékèèké, kò sí ìnṣọ́ránsì tó lè dára tó èyí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jèrè, ìjọba sì ń gba owó orí ìdá 12 nínú 100 lórí iye tí a bá san fún un. Nínú àkáǹtì ara ẹni, gbogbo kọ́bọ̀ jẹ́ ti ajá. Àlébù rẹ̀ jẹ́ méjì péré. Àkọ́kọ́ ni pé àìsàn kì í dúró de ìgbà tí àkáǹtì bá kún. Ìkejì ni pé owó tó wà nínú ilé máa ń gbọ́ gbogbo ẹkún ilé.

Ọdún méjì gbáko ni ètò yìí fi ṣiṣẹ́. Etí dun Sùúrù lẹ́ẹ̀kan, £136 ni wọ́n san. Lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 2022, ó wọlé tìrotìro.

Mo rántí ọjọ́ náà. Dókítà ní oníbàárà mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò kíákíá, ó ní kí n fọ ọ́ kí n sì wé e. Mo gbé Sùúrù sórí tábìlì, mo la àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi ẹ̀mú fa ègé gíláàsì aláwọ̀ ewé kan jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e. Sùúrù ń lá ìgbọ̀nwọ́ mi ní gbogbo àkókò náà bí ẹni pé èmi ni nǹkan ń dùn. Owó rẹ̀ jẹ́ £74. Ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì kò ju ìlà kan lọ: ó ń tiro ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì fún ọjọ́ méjì, kí ó sinmi, oògùn ìrora ọjọ́ márùn-ún. Kò kọ gíláàsì, nítorí èmi ni mo yọ ọ́. Èmi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ni mo kọ ọ́ sí.

Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 2023, £790 ló kù nínú owó Sùúrù. Ní oṣù kẹjọ, ìyá bàbá kú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ mọ ìyókù. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, pósí, aṣọ ẹbí, oúnjẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò jẹ́ kí £790 jókòó ní báńkì nítorí ajá nígbà tí òkú ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Àkáǹtì padà sí òdo.

Ọdún náà kò tíì parí nígbà tí ajá aládùúgbò wọn gbé kùkù àgbàdo mì, tí wọ́n sì là á níkùn. Nígbà tí ìyá gbọ́ iye tó ná wọn, oorun kò kùn ún mọ́. Ní oṣù kẹwàá, nígbà ìsinmi àárín iṣẹ́ òru, ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń sè tíì, ó sì ra ìnṣọ́ránsì lórí fóònù. Oríṣi mẹ́rin ló rí níbẹ̀: èyí tó wà fún jàǹbá nìkan, èyí tó ń san fún àìsàn kan fún oṣù méjìlá péré, tí yóò sì pa ojú ìwé dé lórí àìsàn náà, èyí tó ya iye kan sọ́tọ̀ fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, tí iye náà bá ti tán, ó tán, àti èyí tí wọ́n ń pè ní lifetime, tí owó inú rẹ̀ máa ń padà kún lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí a bá ń tún un ṣe láìdáwọ́ dúró. Ó mú lifetime nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí. £58 lóṣù ni yóò máa san, ohun tí ilé iṣẹ́ yóò san kò gbọdọ̀ ju £7,000 lọ lọ́dún, excess rẹ̀ jẹ́ £120, ìyẹn owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń kọ́kọ́ san kí ilé iṣẹ́ tó dá sí i.

Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ajá náà ti ṣàìsàn tàbí farapa rí. Ó kọ ti etí, wọ́n sì yọ etí kúrò nínú ohun tí wọn yóò san fún. Ẹsẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ta ni yóò rántí gíláàsì ọdún tó kọjá?

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ọmọ mú Sùúrù lọ sínú igbó Lesnes Abbey. Ó sáré tẹ̀lé ọ̀kẹ́rẹ́, ó yípo lójijì, ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì sókè. Ní ọjọ́ Ajé, dókítà di itan rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di ojúgun mú lọ́wọ́ kejì, ó sì rọra tì í. Ojúgun náà yọ̀ síwájú bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní cruciate ti já. Fún ajá tó tó kílò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìsinmi lásán kì í sábà tó. Iṣẹ́ abẹ TPLO ni ó nílò: wọn yóò gé orí egungun ojúgun, wọn yóò yí i padà díẹ̀, wọn yóò sì fi irin àti ìdè de é. £4,450, àti X-ray tí wọn yóò tún yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Bàbá béèrè ìdí tí owó náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Irin náà wọ́n, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ajá sùn kò sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọjà náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. CMA, àjọ tó ń ṣọ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn díje ní Bírítéènì, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ wa wò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ilé ìwòsàn ẹranko ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní 2013, ó sì ti tó nǹkan bí ìdá 60 báyìí. Òtítọ́ ni mo sọ fún un: kò lè ná an bí ọjà Ìtà-Ọ̀ṣìn, ṣùgbọ́n ó lè béèrè iye rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn, ó sì lè gba ìwé oògùn lọ́wọ́ wa kó lọ rà á níbi tó ti dínwó.

Ó dá wa lójú pé ìnṣọ́ránsì yóò san án. A fi fáìlì ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, èsì dé: wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ajá yìí ti tiro ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ní 2022, àìsàn tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ra ìnṣọ́ránsì ni. Wọ́n tún fi kún un pé ìyá kò sọ òtítọ́ lórí fọ́ọ̀mù.

Gbólóhùn kejì yìí ló dun ìyá jù. Ó wá sí iwájú káńtà wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò tíì sùn. “Ẹ wò ó, wọ́n pè mí ní òpùrọ́.” Òfin ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kò béèrè pé kí ènìyàn mọ ohun gbogbo. Ó ní kí ó ṣọ́ra níwọ̀n bó ṣe tọ́ kí ó má baà fún wọn ní èsì tí kò jẹ́ òótọ́. Mo sọ èyí fún un, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń wo ibòmíràn. Gíláàsì aláwọ̀ ewé yẹn ni mo ń rí.

Mo ṣí fáìlì. Ohun tí ẹ̀rọ wa tẹ̀ jáde fún ilé iṣẹ́ náà jẹ́ àkọsílẹ̀ dókítà nìkan. Ojú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kò bá a lọ. Mo rí ìlà tí mo kọ lọ́jọ́ náà, àti àkékúrú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀. Mo rí bíìlì £74, tí fífọ ọgbẹ́ àti báńdéèjì wà nínú rẹ̀. Dókítà kọ lẹ́tà. Ó gbà pé òun kò kọ ìdí tí ajá náà fi tiro, ó sì tọ́ka sí ohun kan tí èmi kì bá tí rò: bí orúnkún yẹn bá ti ń bàjẹ́ láti oṣù mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, X-ray yóò ti fi egungun tó ń hù yí i ká hàn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀bi wa ni pé fáìlì náà lọ ní ààbọ̀, a sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà.

Ìyá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Mo ní kí ó kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀sùn ni òun fi ń sùn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Bí o bá ti fi ẹ̀sùn sùn, ilé iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún ọ ní èsì ìkẹyìn. Bí èsì náà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o ní oṣù mẹ́fà láti gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n orúnkún kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. PDSA kò lè gbà wọ́n nítorí pé wọn kò sí lórí owó ìrànwọ́. Ìyá pe ìyá tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Màmá kọ́kọ́ pariwo: ajá? Mílíọ̀nù mélòó ní owó wa? Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ò ṣáà ní fi í sílẹ̀ kó máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn láàárín àwọn ọmọ.” Ọ̀rọ̀ màmá ló jẹ́ kí wọ́n pinnu.

Àjọ ló gbà wọ́n. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n níbi iṣẹ́ ìyá, £300 lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù kẹjọ ni ó sì yẹ kí tirẹ̀ kàn. Ẹni tí oṣù kẹta jẹ́ tirẹ̀ gbà kí wọ́n jọ pààrọ̀. £3,000 nìyẹn. Bàbá fi àfikún iṣẹ́ rí £600, ilé ìwòsàn wa sì gbà kí wọ́n pín £850 tó kù sí oṣù mẹ́ta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, èsì ìkẹyìn dé láti ilé iṣẹ́ adójútòfò: wọ́n yí ìpinnu wọn padà, wọ́n san £4,330, wọ́n sì yọ ẹ̀sùn irọ́ náà kúrò lórí ìyá. Lẹ́tà yẹn ni ó kọ́kọ́ kà fún mi lórí fóònù, kì í ṣe iye owó.

Púpọ̀ nínú wa ì bá ti pa fáìlì dé níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán ṣì wà níwájú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìwé àtúnṣe ọdọọdún dé. Òfin ní kí wọ́n kọ iye ọdún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ iye tuntun, ìyá sì rí méjèèjì papọ̀: £58, £81. Inú bí i. Ó wá ilé iṣẹ́ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí £39. Ó fẹ́ rà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Òfin kò gbà wá láàyè láti sọ fún oníbàárà pé kó ra ti ilé iṣẹ́ báyìí, àyàfi bí wọ́n bá fún ilé ìwòsàn náà láṣẹ. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ ohun tó wà nínú fáìlì ajá rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun, orúnkún Sùúrù ti di àìsàn tó ti wà nílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn sì máa ń ka orúnkún méjèèjì sí ọ̀kan: bí òsì bá ti ṣe é, wọn kì í san fún ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdajì àwọn ajá tí orúnkún kan já ni èkejì máa ń já lẹ́yìn rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún kan sí méjì. Ó dúró síbi tó wà, kò sì fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, orúnkún ọ̀tún já. £4,700. Ọdún ìnṣọ́ránsì tuntun ti bẹ̀rẹ̀, £7,000 ti kún padà, wọ́n san £4,580 láìjiyàn. Ká ní èyí tó ń pa ojú ìwé dé lẹ́yìn oṣù méjìlá ni wọ́n ní, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ì bá kù fún wọn. Ká ní wọ́n ti lọ síbi £39, odindi owó náà ni wọn ì bá fi àpò ara wọn san.

Láti oṣù kẹwàá 2023 títí dé oṣù kẹsàn-án 2025, £1,668 ni ìdílé yìí san fún ìnṣọ́ránsì, £8,910 ni wọ́n sì rí gbà. Mo bẹ yín, ẹ má gbé iye yìí ka iwájú oníbàárà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ajá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ni owó tí olówó wọn ń san máa ń ju èyí tó ń rí gbà lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò dúró. A ní bàbá arúgbó kan, ọmọ Jàmáíkà, tí ajá kékeré rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàlá. Kò ra ìnṣọ́ránsì rí. Ó ń fi £60 pamọ́ lóṣù, kò sì sí ẹni tó lè tọrọ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun nìkan ló ń gbé. Ohun tó tọ́ fún un ló ṣe. Ìbéèrè tí mo ń bi ènìyàn báyìí kì í ṣe bóyá ajá yóò ṣàìsàn. Mo ń béèrè pé: bí £4,000 bá bọ́ sí ọ lọ́rùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni wàá pè? Ẹni tó bá ní orúkọ tàbí àkáǹtì kan tó lè dá mi lóhùn kò nílò ìnṣọ́ránsì ńlá. Ẹni tó bá dákẹ́ nílò rẹ̀, ó sì nílò rẹ̀ nígbà tí ajá ṣì wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ìlà kankan tó wọ inú fáìlì. Ká ní ìdílé Sùúrù bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà yẹn ní £46, £1,288 ni wọn ì bá ti san títí di oṣù kẹsàn-án 2023 bí iye náà kò bá yí padà. Etí yóò wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìyá ní òpùrọ́.

Ohun tí a yí padà ní ilé ìwòsàn wa kò pọ̀. Nígbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, a máa ń béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì máa ń kọ ọjọ́ tó máa parí sí ẹ̀yìn káàdì àjẹsára. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ rà á fún ajá tó ti dàgbà, a máa ń tẹ fáìlì rẹ̀ jáde fún un kó kà á kó tó kan fọ́ọ̀mù. Bí a bá sì ń fi fáìlì ránṣẹ́, ojú ìwé nọ́ọ̀sì ń bá a lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìwé àtúnṣe Sùúrù jẹ́ £104. Ìdílé náà gbà kí excess gòkè sí £250, iye oṣooṣù náà sì sọ̀ sí £88. Wọ́n ṣì ń san án, nítorí oríkèé rẹ̀ yóò nílò oògùn títí ayé. Owó Sùúrù náà ti padà sí báńkì, £20 lóṣù, fún excess àti fún etí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọmọ ajá kan wá tó ń tiro. Èmi ni mo yẹ ẹ́ wò kí dókítà tó dé. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé dókítà gan-an, ó sì fọwọ́ sí i: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀gún gún àtẹ́lẹsẹ̀, a ti yọ ọ́, a di orúnkún mú, kò yọ̀, kò wú, kò sì dùn ún.